Ogójì Igi Ẹni Tó Wà Lẹ́yìn Odi

New Orleans
11 oṣù Kìíní, 1964

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo Agua Tendida wà? Ṣé Elpidio àbúrò mi ti ń jí kí ẹ tó mu kọfí tán, àbí oorun rẹ̀ ṣì wà bó ṣe wà?

Ara mi le. Òtútù ọdún kẹrin rèé. Ní ilé iṣẹ́ tí a ti ń rán ṣẹ́ẹ̀tì, wọ́n ti gbé mi kúrò nídìí bọ́tìnnì, apá òsì nìkan ni mo ń rán báyìí. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, apá òsì. Nígbà mìíràn mo máa ń rò ó pé níbìkan nínú ayé yìí, obìnrin kan jókòó tó ń rán apá ọ̀tún, pé a kò ní mọ ara wa láéláé. Irú ọ̀rọ̀ báyìí ni mò ń kọ sínú ìwé mi kí n tó sùn. Ẹ má rẹ́rìn-ín.

Bàbá, lẹ́tà kẹta rèé tí mo fi ń béèrè nípa ilé mi. Ẹ kò dáhùn. Mo ní ilé pákó páìnì ni mo fẹ́, kì í ṣe alámọ̀, kí ilẹ̀ rẹ̀ náà jẹ́ pákó. Ṣé ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí kó igi jọ, àbí ẹ rò pé mi ò ní padà wá mọ́ ni? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ẹ rò, ẹ sọ ọ́. Ó sàn ju ìdákẹ́jẹ́ lọ.

Ọmọ yín,
Nolvia


Agua Tendida, Olancho
9 oṣù Kejì, 1964

Nolvia ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ dé lánàá. Ìbaaka tó gbé e subú sínú odò, ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ ti di omi aró, àmọ́ ìdajì tó kù tó láti fi mọ̀ pé ò ń bínú. A dúpẹ́, a wà láàyè.

Fi ọkàn balẹ̀. Igi ilé rẹ ti wà nílẹ̀. Lẹ́yìn odò, lọ́dọ̀ àwọn Meza, ewé páìnì wọn ń pọ́n láti oṣù Kọkànlá. Wọ́n ní ọ̀dá ni. Wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ igi wá gé kó tó jẹrà, a ò ní san nǹkan kan. Èmi àti Elpidio gé méjìlá tó tọ́ gbọnrangandan, àwọn tí ewé wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di pípọ́n. A fi màlúù wọ́ wọn kọjá odò wá sí ìsàlẹ̀ òkè wa, a tò wọ́n sábẹ́ àwọn igi páìnì mi tí mo ti ń dá oje. A kò bó èèpo wọn, kí oòrùn má baà là wọ́n. Elpidio ní kí a ro ìsàlẹ̀ òkè náà kí màlúù rẹ̀ mẹ́ta lè máa jẹko níbẹ̀. Mo ní ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń bọ̀ níbẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi tó ń bọ̀ láti ọdún mẹ́rin?” Mo ju bàtà lù ú.

Gbọ́ ohun ayọ̀. Àwọn igi mi tó wà nítòsí ìtì igi yẹn ti ń fún mi ní oje láìjẹ́ pé mo fi ọ̀bẹ kàn wọ́n! Oje náà ń yọ lára èèpo ní kóńkó-kóńkó, ó funfun bí gúgúrú. Ogójì ọdún tí mo ti ń dá oje, n kò rí irú rẹ̀ rí. Mo pe Màmá Cástula, aládùúgbò wa lókè, kó wá wò ó. Ó wò ó títí, ó ní, “Tránsito, ẹni tó ń sunkún tí ẹnikẹ́ni kò nà, kì í ṣe ayọ̀ ló ń pa á lẹ́kún.” Mo ní kó lọ wo adìyẹ rẹ̀. Opó tí kò bímọ, tí oje nìkan ń bọ́, ìlara kò ní ṣàì wà níbẹ̀.

Bàbá rẹ,
Tránsito Padilla


New Orleans
2 oṣù Kẹta, 1964

Bàbá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀ tán bí ọkùnrin nígbà tí mo ka ọ̀rọ̀ ilé náà. Ẹ ṣé. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Elpidio, kí ẹ sì sọ fún un pé òkè kì í ṣe ilẹ̀ màlúù.

Nípa oje tó ń yọ fúnra rẹ̀, mo bá yín yọ̀. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí igi á fi máa fúnni ní ohun tí a kò tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀? Mo mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ mọ igi. Mo kàn ń béèrè ni. Láti ìgbà tí mo ti ń yá ìwé ní ilé ìkàwé ìlú yìí, mi ò lè gba ẹ̀bùn kí n má yí i padà wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó lè jẹ́ àìsàn.

Nolvia


Agua Tendida
19 oṣù Kẹta, 1964

Nolvia ọmọ mi,

N kò tíì rí èsì lẹ́tà mi gbà, àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí kò lè dúró.

Ìjọba rán ọ̀gá igbó kan wá, Rosales ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Juticalpa, bàtà rẹ̀ ga dé orúnkún. Ó bá mi nídìí igi, ó nawọ́ sí ìtì méjìlá yẹn.

“Bàbá, ta ló gbé ìwọ̀nyí wá síbí?”

“Èmi ni. Ilé ọmọ mi ni.”

“Tèèpo-tèèpo?”

“Tèèpo-tèèpo.”

Ó fi ọwọ́ bo ojú. Lẹ́yìn náà ó yọ ọ̀bẹ, ó bó èèpo ọ̀kan nínú àwọn igi mi tó ń fúnni ní oje. Ọmọ mi, ojú ọ̀nà wíníwíní ló kún abẹ́ èèpo náà, wọ́n ń ṣe kọ́lọkọ̀lọ bí ìwé tí ọmọdé fi èédú kọ. Inú wọn ni kòkòrò náà wà. Dúdú ni, kò tó hóró ìrẹsì. Ó ní inú ìtì tí mo fi màlúù wọ́ ni wọ́n ti fò jáde. Oje tí mo pè ní ẹ̀bùn yẹn, ogun ni igi ń jà. Bí kòkòrò bá ti lu ihò, igi á fi oje tì í jáde. Bí wọ́n bá pọ̀ jù ú lọ, oje á tán. Ogójì ọdún, Nolvia. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ ni pé igi tó ń sun oje ni igi tó le. Mo dúró níwájú ogun, mo ń pàtẹ́wọ́.

Mo bi í pé àwọn tó ti pọ́n ńkọ́, ṣé kí a yára gé wọn? Ó ní àwọn yẹn ti ṣófo. Igi tí ewé rẹ̀ ṣì tutù ni kòkòrò wà nínú rẹ̀. Mo ti gé tèmi, mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta.

Àmọ́ kò tán síbẹ̀. Ó ní bí a kò bá gé àwọn tó tẹ̀ lé e, ọgọ́ta ìṣísẹ̀ sókè, kòkòrò náà kò ní dúró. Ó fẹ́ kí àwọn tó bá ti fò má rí ibi bà sí. Àwọn tó tẹ̀ lé e yẹn, ogójì igi rẹ ni. Lẹ́yìn tìrẹ, ti Màmá Cástula. Lẹ́yìn tirẹ̀, orí òkè níbi tí omi wa ti ń sun.

“Igi tí kò ṣàìsàn?” ni mo wí.

“Nítorí pé kò tíì ṣàìsàn ni, Bàbá.”

Mo ní kò ṣeé ṣe. Ìwọ mọ̀ pé ọjọ́ tí a ṣe ìrìbọmi fún ọ ni mo fi ọ̀bẹ sàmì orúkọ rẹ sára wọn, o sì mọ ohun tí a mọ̀ ní Agua Tendida: a kì í fi àáké kan igi ẹni tó wà lẹ́yìn odi, àfi tí òun fúnra rẹ̀ bá fi ohùn sí i. Wọ́n gé ti Lencho nígbà tó wà ní oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ létíkun. Ta ló tún fojú kan Lencho? Rosales ní, “Bàbá, ṣé igi ni, àbí ọmọ?” Àwọn tó dúró rẹ́rìn-ín. N kò rẹ́rìn-ín.

Lọ sí ilé wáyà lọ́jọ́ tí lẹ́tà yìí bá dé. Ọ̀rọ̀ kan tó: Gé, tàbí Má gé. Má rò ó pẹ́.

Bàbá rẹ


WÁYÀ
New Orleans, 9 oṣù Kẹrin, 1964

MÁ GÉ. LẸ́TÀ Ń BỌ̀. NOLVIA.


New Orleans
9 oṣù Kẹrin, 1964

Bàbá,

Mo kí yín. Mo ti tẹ wáyà. Ìdí rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, ẹ má bínú bí kò bá dùn.

Ní oṣù Kejì, oje ń yọ bí omi, ẹ ní irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí. Oṣù kan péré, igi kan náà ti di aláìsàn. Láàárín méjèèjì, ẹ sọ fún mi pé Elpidio ń wá ibi tí màlúù rẹ̀ á ti jẹko. Lójijì, ọkùnrin kan jáde láti Juticalpa, ó ní igi tí kò ṣe nǹkan kan ni kí a gé, àwọn igi náà sì jẹ́ tèmi, gbogbo wọn, láìku ẹyọ kan. Bàbá, ẹ bá mi wò ó. Bí àjèjì bá sọ ìtàn yìí fún yín lójú ọ̀nà, ṣé ẹ̀yin á gbà á?

Mi ò sọ pé ẹ̀ ń parọ́. Mo rò pé wọ́n ti yí yín lórí, àti pé ẹni tó yí yín lórí ń jẹun nídìí ààrò yín. Ó ti pẹ́ tí Elpidio ti ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé mo ti kú.

Kí ni mo ní nílé mọ́? Ìyá wa ti lọ. Yàrá mi, ẹ ti fi kó àgbàdo sí. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí níbí pé ibo ni mo ti wá, ogójì igi yẹn ni mò ń rí kí n tó dáhùn. Mò ń kà wọ́n nígbà tí mo bá ń rán apá òsì. Bí wọ́n bá gé wọn, ibo ni màá sọ pé mo ti wá?

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn wọ́n títí màá fi dé.

Nolvia


Agua Tendida
16 oṣù Kẹrin, 1964

Nolvia,

Wáyà rẹ dé. A kò gé.

Elpidio gbé àáké lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Mo lọ dúró níwájú igi àkọ́kọ́. Ó ní, “Bàbá, ẹ kúrò níbẹ̀.” Mo ní kó kọ́kọ́ gé mi. Ọmọ rere ni, ó ju àáké sílẹ̀. Ó jókòó sórí kùkùté, ó ń sunkún. Ó ní, “Òkè tó ti kú lẹ fẹ́ pín fún wa.” Láti ìgbà tí Rosales ti wá, òun ló ń bó èèpo gbogbo igi mi tí a gé, ọwọ́ rẹ̀ ti bó tán. Ó ti kó màlúù rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ìyàwó àfẹ́sọ́nà rẹ̀ kó lè ráyè.

Fadá gbé ère Ẹni Mímọ́ Isidro gun òkè lọ́jọ́ Àìkú, ó wọ́n omi sára igi. N kò sọ pé kò dára.

Lánàá mo rí gúgúrú náà lára mẹ́ta nínú tìrẹ. Mo fi èèpo ọ̀kan ránṣẹ́ sínú aṣọ tí mo fi wé lẹ́tà yìí. Ìwọ tí ń ka ìwé, kà á.

Bàbá rẹ


WÁYÀ
New Orleans, 6 oṣù Karùn-ún, 1964

GÉ GBOGBO RẸ̀. Ẹ DÁRÍ JÌ MÍ. NOLVIA.


New Orleans
6 oṣù Karùn-ún, 1964

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Òórùn oje ló kọ́kọ́ jáde nígbà tí mo tú aṣọ náà. Mo gbé e sí imú fún ìgbà pípẹ́ kí n tó lè wò ó. Mo yí i padà, mo fi ìka tẹ̀ lé ojú ọ̀nà wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Òkú kòkòrò kan jábọ́ sórí tábìlì. Ó kéré débi pé mo fẹ́ fẹ́ ẹ dànù bí ìdọ̀tí.

Mo sá kúrò níbi iṣẹ́, mo lọ sí ilé ìkàwé. Ó wà nínú ìwé, Bàbá. Gbogbo ohun tí ọ̀gá Rosales sọ ló wà níbẹ̀, ìwé náà sì ti wà lórí pẹpẹ kí n tó dé ìlú yìí. Ní ilẹ̀ gbígbóná, láti ẹyin dé ìgbà tó máa fò lọ síbòmíràn, nǹkan bí ọgbọ̀n ọjọ́ ni. Lẹ́tà wa ń lo ogún ọjọ́. Mo jókòó, mò ń ṣírò: ọjọ́ tí ẹ kọ ọ́, ọjọ́ tó dé, ọjọ́ tí mo bínú. Kò sí bí mo ṣe ṣe é tí ẹ̀bi rẹ̀ kò fi já lé mi lórí.

Ohun tí mi ò lè kọjá ni pé irọ́ rọ̀ mí lọ́rùn láti gbàgbọ́ ju kòkòrò lọ. Irú ènìyàn wo ni mo dà níbí? Mo máa ń rò pé iyèméjì ló ń jẹ́ kí n ríran. Ẹnì kan ṣoṣo ni mi ò ṣiyèméjì nípa rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí, èmi fúnra mi.

Ẹ fi wáyà dá mi lóhùn, ẹ jọ̀ọ́. Mi ò lè dúró de ogún ọjọ́. Mò ń rìn kiri nínú yàrá bí adìyẹ tó fẹ́ yé.

Nolvia


Agua Tendida
24 oṣù Karùn-ún, 1964

Nolvia ọmọ mi,

N kò tẹ wáyà nítorí pé ohun tí mo fẹ́ sọ pọ̀ ju wáyà lọ, àti nítorí pé n kò fẹ́ kí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ kọ́kọ́ kà á.

Ọjọ́ kẹjọ oṣù yìí ni wáyà tìrẹ dé. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nínú igi rẹ ti lọ. A gé gbogbo ogójì láàárín ọjọ́ méjì, ọkùnrin méjìlá, a dorí wọn kọ ìsàlẹ̀ bí Rosales ṣe ní kí a ṣe. Nígbà tí èyí tó kẹ́yìn subú, ó gun òkè lọ wò. Kò pẹ́ tó fi sọ̀ kalẹ̀. Kòkòrò náà ti wọ igi Màmá Cástula. Igi mẹ́sàn-án.

Gbogbo wa mọ ohun tó kàn. Obìnrin náà ní igi méjìlélọ́gọ́rin, kò ní nǹkan mìíràn láyé. Kò sí ẹni tó lè lanu sọ ọ́. Ní oṣù Kẹta, ogójì igi rẹ ni ì bá gba tirẹ̀ là.

Òun fúnra rẹ̀ ló jáde wá, ó ń nu ìyẹ̀fun àgbàdo kúrò lọ́wọ́. Ó wo ọkùnrin méjìlá tó dúró pẹ̀lú àáké. Ó wò mí.

Ó ní, “Kí lẹ̀ ń wò? Àbí ẹ̀ ń dúró de wáyà tèmi náà ni?”

Mo fi àáké mi pamọ́ sẹ́yìn.

Ó ní, “Tránsito, fún mi ní àáké yẹn.” Ó sá igi àkọ́kọ́ fúnra rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta, kò wọlé púpọ̀. Elpidio gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mọ́kànléláàádọ́rin ni a gé. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń kà wọ́n sókè bí wọ́n ṣe ń subú, ohùn rẹ̀ kò yí padà.

Òjò bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kọkàndínlógún. Rosales ti lọ yí ká ẹ̀ẹ̀mejì. Kò sí oje tuntun lára igi kankan. Mọ́kànlá Màmá Cástula tó kù dúró, orí òkè dúró, omi ń sun. Ó ní ó ti tán, ó fọwọ́ sí ìwé.

Lẹ́tà rẹ ti oṣù Kẹrin pẹ́ lójú ọ̀nà, ó dé lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ ti parí. Mo ka ohun tí o kọ nípa àbúrò rẹ. N kò kà á fún un. Ó bi mí pé kí lo sọ. Mo ní o kí i.

Èmi ni mo wọ́ ìtì yẹn kọjá odò, èmi ni mo fi ọ̀rọ̀ Lencho dẹ́rù ba ara mi. Má kó o lé orí ara rẹ nìkan. Àmọ́ kọ̀wé sí Màmá Cástula. N kò lè bá ọ ṣe ìyẹn.

Bàbá rẹ,
Tránsito


New Orleans
14 oṣù Kẹfà, 1964

Màmá Cástula,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Nolvia, ọmọ Tránsito, ni.

Mo ti kọ lẹ́tà yìí ní ẹ̀ẹ̀mẹfà, mo ti ya márùn-ún. Àwọn tí mo ya gùn, wọ́n sì dára. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, kí n tó dé ìparí, mo ti ń ṣàlàyé ara mi. Èyí kò ní àlàyé. Ẹnì kan bi mí ní ìbéèrè ọ̀rọ̀ kan, mo dáhùn rẹ̀ bí kò ṣe yẹ, ẹ̀yin lẹ jìyà rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ kí n ṣe. Ohunkóhun. Tí ẹ bá ní kí n má tún kọ̀wé mọ́, mi ò ní kọ ọ́.

Nolvia Padilla


Agua Tendida
9 oṣù Keje, 1964

Nolvia,

Èmi Cástula ni mò ń sọ ọ́, Elpidio ló ń bá mi kọ ọ́. Mo ní kó má fi ọ̀rọ̀ dídùn kankan kún un, mo sì ń wo ọwọ́ rẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò mọ̀wé kà.

Lẹ́tà rẹ dé. Ó kà á fún mi lẹ́ẹ̀mejì. Ó dára tí o ya àwọn márùn-ún yẹn.

O bi mí pé ṣé mo dárí jì ọ́. O kò kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ohun tí ò ń bi mí nìyẹn. Rárá, n kò tíì dárí jì ọ́. Mo jí lónìí, mo gbé korobá oje, mo dé ẹnu ọ̀nà kí n tó rántí pé igi mọ́kànlá kì í kún korobá. Ọmọ páìnì ti ń hù láàárín kùkùté, wọ́n pọ̀ bí irun orí. Rosales ní wọ́n á tó dá oje ní ogún ọdún. Mo ti pé ọdún méjìdínláàádọ́rin. Ìwọ tí o ti ka ìwé, bá mi ṣírò rẹ̀.

Elpidio ní kí n sọ fún ọ pé òun rí ìkíni rẹ tí bàbá yín jẹ́ fún òun gbà, òun náà kí ọ. Ojú rẹ̀ pọ́n bó ṣe ń kọ ọ́. N kò mọ ohun tó wà láàárín yín, n kò sì béèrè.

O ní ohunkóhun. Ó dára. Igi mi ṣì wà nílẹ̀, èèpo wọn wà lára wọn, kò sì yẹ kó wà níbẹ̀. Láti ọjọ́ tí òjò ti bẹ̀rẹ̀, bàbá rẹ ń wá láràárọ̀, ó ń bó wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kì í kí mi, n kì í kí i. Ó ti bó mẹ́tàlélógún. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin. Ó rò pé n kò rí i. N kò ní sọ fún un pé kó dáwọ́ dúró, nítorí n kò tíì fẹ́ kó dáwọ́ dúró. Àmọ́ kò ní lè dé ìdí èyí tó kẹ́yìn.

Ó ku méjìdínláàádọ́ta. Má fi lẹ́tà dá mi lóhùn. Wá gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

Cástula Matute